Ilé Ìdáná Méjì, Sikọ́láṣíìpù Kan

Orrin Tadlock ló ń wa ọkọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ní Pell Creek, kò sì sẹ́ni tí kò mọ̀ lọ́dọ̀ wa pé bí ọmọ tó kẹ́yìn bá ti sọ̀ kalẹ̀, àkísà ló máa ń fi bo dígí orí rẹ̀, èyí tí awakọ̀ fi ń wo àwọn ọmọ lẹ́yìn. Á wá rọra wa ọkọ̀ òfìfo náà lọ sílé. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ti bá a wí títí ó fi sú wọn. Ohun tó ń sá fún, a mọ̀ ọ́n, torí Pell Creek ò tóbi débi tí èèyàn á fi ní àṣírí níbẹ̀. Gale Huckaby, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, ló ń sá fún. Gale ti kú nígbà tí àwọn méjèèjì ò tíì pé ọmọ ogún ọdún, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ti ṣófo báyìí, orí ìjókòó ìparí pátápátá ló máa ń wà, irun rẹ̀ á tutù rinrin, omi á máa kán lára rẹ̀, á kàn jókòó jẹ́jẹ́. Kò sọ̀rọ̀ rí. Ká ní ó ń sọ̀rọ̀ ni, bóyá Orrin ì bá ti rí nǹkan fi dá a lóhùn.

Bí ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ rín, èmi náà ti rín in rí. Ṣùgbọ́n mo bá a jókòó nínú ilé ìjọsìn lọ́jọ́ kan, lásìkò òtútù, yìnyín bo gbogbo ilẹ̀, kò sí oko àgbàdo tí ẹnikẹ́ni ń kórè, ọkùnrin yìí sì dédé gbọ́wọ́ bomú. Ó ní, "Ẹ̀yin ò gbọ́ òórùn eruku àgbàdo ni?" Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ojú rẹ̀ ti funfun, ó ń làágùn nínú òtútù. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

Ìta ilé àwọn Huckaby ni òun àti Gale ti dàgbà, níbi tí bàbá Gale kan apẹ̀rẹ̀ irin mọ́ iwájú ilé màlúù rẹ̀. Gale ga ju Orrin, Orrin yára ju Gale, àwọn méjèèjì sì mọ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ gbá dáadáa, àmọ́ kì í ṣe débi tí àwọn yunifásítì ńlá á fi máa dù wọ́n. Ìgbà tí Kóòṣì Lyle Brandt, tó ń ṣa ọmọ jọ fún yunifásítì kan létí odò, wá ń wò wọ́n, ṣe ni gbogbo ìlú ń yangàn.

Mi ò mọ̀ bóyá ẹ mọ ọ̀nà tí àwọn kóòṣì yìí ń gbà ṣiṣẹ́ wọn. Wọn kì í pe ọmọ wá sí ọ́fíìsì. Inú ilé ìdáná yín ni wọ́n ń wá bá yín. Wọ́n á jókòó nídìí tábìlì, wọ́n á jẹ ohunkóhun tí ìyá ọmọ bá sè, wọ́n á tún bù sí i, wọ́n á béèrè ajá yín lórúkọ. Ìgbà tí gbogbo ara bá ti tù yín tán ni wọ́n tó máa sọ ohun tí wọ́n bá wá. Kóòṣì Brandt ní, "Ọdún kìíní, ẹ̀yin lẹ máa sanwó ilé-ẹ̀kọ́, kó kàn fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá gbá bọ́ọ̀lù fún wa. Ọdún kejì, sikọ́láṣíìpù kan máa ṣí sílẹ̀. Tiẹ̀ ni." Ó dìde, ó na ọwọ́ sí bàbá Orrin. Bàbá Orrin bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Ní Pell Creek, bí bàbá ilé bá ti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ nídìí tábìlì ìyàwó rẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Kò sẹ́ni tó máa ní kí o kọ ọ́ sílẹ̀. Bó o bá ní kí kóòṣì kọ ọ́ sílẹ̀, òpùrọ́ lo pè é yẹn, nínú ilé ara rẹ, lẹ́yìn tó ti jẹ oúnjẹ rẹ tán. Àwọn bàbá wa á kúkú pàdánù oko ju kí wọ́n ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Kóòṣì Brandt bọ bàbá Orrin lọ́wọ́. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ó wà ní ilé ìdáná àwọn Huckaby, ó ń jẹ páì èso ṣẹ́rì, sikọ́láṣíìpù kan náà yẹn ló sì fi bọ bàbá Gale lọ́wọ́. Mi ò ní bú u ju bó ṣe yẹ lọ. Iṣẹ́ wọn nìyẹn: wọ́n á ṣèlérí fún méjì torí wọ́n mọ̀ pé ọ̀kan sábà máa ń yẹ̀. Àmọ́ kò sí èyí tó yẹ̀ nínú àwọn méjì yìí. Wọ́n jọ di ẹrù wọn sínú mọ́tò kan náà, wọ́n jọ lọ, kálukú sì gbà pé òun ni wọ́n ṣèlérí fún.

Afẹsẹ̀wá ni wọ́n ń pe irú wọn níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó fowó ránṣẹ́ pè wọ́n. Aṣọ tí àwọn yòókù ń wọ̀ ni wọ́n ń wọ̀, ìyà tí àwọn yòókù ń jẹ láàárọ̀ ni wọ́n ń jẹ, àmọ́ owó bàbá wọn ni wọ́n fi ń kàwé, àga ìparí sì ni tiwọn lọ́jọ́ ìdíje. Odidi sáà kan ni Orrin àti Gale fi jókòó ti ara wọn lórí àga ìparí yẹn. Ó gbádùn mọ́ wọn, ẹ má jẹ́ kí n parọ́. Gale á máa sọ pé, "Ìwọ Orrin, àga yìí ti ń gbà mí mọ́ra ju bẹ́ẹ̀dì mi lọ." Bóyá oṣù mélòó kan ló kù kí sáà parí ni wọ́n tó mọ̀, nínú ọ̀rọ̀ ṣeré-ṣeré, pé ìlérí kan náà ni wọ́n ṣe fún àwọn méjèèjì. Gale rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó dáa náà, ẹni tó bá rí i á ra bíà." Wọn ò tún sọ ọ́ mọ́.

Bí wọ́n ṣe ń fún afẹsẹ̀wá ní sikọ́láṣíìpù, ayẹyẹ ni. Wọn kì í sọ fún un tẹ́lẹ̀. Kóòṣì á kó gbogbo ẹgbẹ́ jọ láàárín pápá bí ẹni fẹ́ bá wọn wí, á wá dédé pe orúkọ. Àwọn yòókù á bo ẹni náà, wọ́n á da omi lé e lórí, wọ́n á gbé e sókè. Lọ́jọ́ náà, orúkọ Orrin ni kóòṣì pè. Gale ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Gale ló gbá a mú níbàdí tó gbé e sókè, omi tí wọ́n ń dà sórí Orrin sì ń ṣàn sí orí Gale, irun rẹ̀ lẹ̀ mọ́ iwájú orí, ó ń pariwo orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ju gbogbo wọn lọ.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn yẹn, Orrin ò lè wo ojú Gale mọ́. Ó ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn lọ sílé. Bó bá rí ọkọ̀ Gale níwájú ilé epo, á kọjá lọ. Gale bá a lọ́jọ́ kan, wọ́n dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó ní, "Orrin, ṣé inú ẹ dùn?" Orrin ń wo bàtà rẹ̀. Ó ní, "Kò tó nǹkan, jàre." Gale ní, "Ó tó nǹkan o," ó sì wọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Ibi tó ń lọ ni àká àgbàdo àwọn àgbẹ̀, àwọn àká onírin gíga tó wà létí rélùwéè, torí kò tíì jáwọ́. Ó fẹ́ sanwó ọdún kejì fúnra rẹ̀, kó tún fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ. Wọ́n ní kó wọ inú àká lọ tú àgbàdo tó ti dì. Ẹnikẹ́ni lọ́dọ̀ wa mọ ohun tí àgbàdo ń ṣe bó bá dì lójú ṣùgbọ́n tí ihò wà lábẹ́. Ó ya lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì gbé e mì. Ìgbà tí wọ́n fi máa gé irin àká náà yọ ọ́ jáde, ẹ̀mí ti bọ́.

Orrin kàwé rẹ̀ tán lórí sikọ́láṣíìpù yẹn. Ó padà wá sílé, kò dáko rí, ó fẹ́ Maribeth, ó ń wa ọkọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin kéékèèké ní bọ́ọ̀lù. Èèyàn dáadáa ni. Àmọ́ ó máa ń ṣàdéédéé dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀, Maribeth á wá bi í léèrè pé, "Ó tún ti dé, àbí?" Orrin á mi orí. Maribeth á sọ pé, "Sọ fún un kó jókòó, kó má dà mí láàmú, mo fẹ́ nu ilẹ̀." Bí obìnrin yẹn ṣe bá a gbé láìya wèrè, mi ò mọ̀.

Ọlọ́run wá fún wọn ní ọmọ kan ṣoṣo, Tessa, ọmọ náà sì mọ bọ́ọ̀lù gbá ju bàbá rẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ gígùn, ẹnu mímú. Bí Orrin bá ń rí i níta tó ń ju bọ́ọ̀lù sápẹ̀rẹ̀, inú rẹ̀ á dùn, ẹ̀rù á sì bà á lẹ́sẹ̀ kan náà. Ó mọ̀ pé lọ́jọ́ kan, kóòṣì kan á wá jókòó sí ilé ìdáná òun.

Ìgbà ìkórè ni Kóòṣì Dana Pruitt wá. Ọ̀dọ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́ fún kọ́lẹ́ẹ̀jì kan lápá àríwá, ara rẹ̀ yá mọ́ èèyàn. Maribeth ti se núdùlù adìyẹ sórí ọ̀dùnkún gígún, ó sì ti yan púdìn èso pásímónì. Kóòṣì Pruitt jẹ ẹ́, ó tún bù sí i.

Ó ní, "Màmá Tessa, ẹ ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí n máa wá síbí o. Mi ò ní wọ inú aṣọ mi mọ́."

Maribeth ní, "Ẹ jẹun, jàre. Ẹ̀yin tí ẹ̀fúùfù lè gbé lọ."

Tessa ń rẹ́rìn-ín, ó jókòó sétí àga bí ẹni tó fẹ́ fò. Orrin ò tíì fọwọ́ kan oúnjẹ rẹ̀. Kóòṣì Pruitt fi síbí kalẹ̀, ó nu ẹnu, ó yíjú sí i. "Sà, mi ò ní fi àsìkò yín ṣòfò. A fẹ́ Tessa. Kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá lọ́dún kìíní. Ní ọdún kejì, sikọ́láṣíìpù kan máa ṣí sílẹ̀, tiẹ̀ ni." Ó dìde, ó sì na ọwọ́ jáde kọjá orí àwo púdìn.

Orrin ń wo ọwọ́ yẹn. Òórùn eruku àgbàdo ti kún gbogbo ilé ìdáná, ó ń wọ̀ ọ́ lọ́fun. Ọwọ́ kóòṣì wà lókè síbẹ̀. Maribeth ń wo ọkọ rẹ̀.

Orrin ní, "Ilé ìdáná mélòó lẹ ti sọ ọ̀rọ̀ yìí?"

"Sà?"

"Sikọ́láṣíìpù kan yìí. Ilé ìdáná mélòó?"

Tessa ní, "Dádì." Ó rọra sọ ọ́.

Maribeth ní, "Orrin, àlejò wa ni."

"Mo mọ̀ pé àlejò wa ni. Mo ní mélòó?"

Ojú Kóòṣì Pruitt pọ́n. Mo máa ń yìn ín fún ohun tó ṣe tẹ̀lé e yìí, torí Kóòṣì Brandt ò ní ṣe é láé. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó jókòó padà, ó sì sọ òótọ́. "Méjì, sà. Ọmọbìnrin kan wà ní Harker, Marnie Osgood. Bàbá rẹ̀ bọ̀ mí lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Báyìí la ṣe ń ṣe é ni. Ọ̀kan sábà máa ń lọ sí ibòmíràn."

Orrin ní, "Bí kò bá lọ ńkọ́?"

Kóòṣì Pruitt tún gbé síbí rẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀.

Bí mo ṣe gbọ́ ọ ni pé Maribeth dìde, ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára épírọ́ọ̀nù, ó sì na ọwọ́ náà sí kóòṣì. Ó ní, "Ọmọ mi fẹ́ lọ. Ẹ ti sọ òótọ́ fún wa, ìyẹn tó mi." Ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Orrin jókòó síbẹ̀ bí òkúta. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ ara wọn, Maribeth ò bọ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ kan tí Orrin ò fọwọ́ sí rí.

Lọ́jọ́ kejì, Orrin gbé Tessa sínú ọkọ̀, ó wà á lọ sí etí rélùwéè, ó dúró níwájú àwọn àká. Tessa mọ̀ pé Gale kú síbẹ̀, gbogbo ọmọ ìlú mọ̀ ọ́n. Ohun tí kò mọ̀ ni ti sikọ́láṣíìpù. Orrin sọ gbogbo rẹ̀ fún un, bí kóòṣì ṣe bọ bàbá rẹ̀ àti bàbá Gale lọ́wọ́, omi tí wọ́n dà, gbogbo rẹ̀, láìwo ojú rẹ̀. Tessa sunkún díẹ̀. Ó wá ní, "Dádì, ẹ̀yin kọ́ lẹ pa á." Ohun tí gbogbo èèyàn ti ń sọ fún un láti ọjọ́ yìí náà nìyẹn. Orrin ní, "Mo mọ̀."

Tessa ní, "Kí lẹ wá fẹ́ kí n ṣe?"

"Má lọ."

"Mò ń lọ, Dádì."

"Bó bá jẹ́ ìwọ ni wọ́n fi sílẹ̀ ńkọ́? Bó bá jẹ́ pé ìwọ ni wọ́n pè ńkọ́? Èwo lo rò pé ó sàn níbẹ̀? Mo mọ ti ẹni tí wọ́n pè, mo ti gbé nínú rẹ̀."

Tessa kàn na ọwọ́, ó sọ dígí fèrèsé ọkọ̀ kalẹ̀ kí afẹ́fẹ́ wọlé.

Ó lọ. Wọ́n sì fi òun àti Marnie Osgood sí yàrá kan náà, bí ẹni ń fi Orrin ṣeré. Orrin ti wá ń gbàdúrà pé kí àwọn ọmọ náà kórìíra ara wọn. Ṣùgbọ́n nígbà ọdún ìdúpẹ́, tí gbogbo ilé ń jẹ tòlótòló, Tessa mú Marnie wá sílé: ọmọ kúkúrú, apá bí ti ọkùnrin, ẹnu rẹ̀ ò dákẹ́. Láti àárọ̀ ni Orrin ti ń yẹra fún un. Ó ń lọ síta, ó ń wọlé, ó ń wá ohun tí kò sọnù. Ìgbà tó yá, Marnie dúró dí i lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá Tessa, ṣé mo jọ agbowó-orí ni? Gbogbo ibi tí mo bá wà lẹ ti ń sá jáde."

Orrin ní, "Rárá o. Mò ń lọ wo igi ìdáná ni."

"Gáàsì lẹ ń lò nílé yìí, sà."

Maribeth rẹ́rìn-ín débi pé ó ní láti di àga mú. Orrin náà fẹ́ rín, ẹnu rẹ̀ ti fẹ́ là, àfi bí Gale ṣe dúró lẹ́yìn ọmọ náà báyìí, irun rẹ̀ tutù, tí ń wo Marnie bí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Orrin jáde lọ sẹ́yìn ilé, ó sì jókòó sínú òtútù títí wọ́n fi jẹun tán.

Àwọn ọmọbìnrin méjì yìí jọ jókòó sórí àga ìparí fún sáà náà. Bí Orrin bá ń wo ìdíje lórí tẹlifíṣọ̀n, kì í wo bọ́ọ̀lù. Àga yẹn ló ń wò. Ó sì ń retí ọjọ́ tí sáà máa parí bí ẹni ń retí ìròyìn láti ilé ìwòsàn.

Ìgbà ìrúwé ni ìròyìn náà dé. Tessa pè, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, kò lè sọ̀rọ̀ já gaara. "Mo rí i gbà, Dádì. Wọ́n pè mí. Èmi ni wọ́n pè."

Ohun àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu Orrin ni, "Marnie ńkọ́?"

Tessa ní, "Dádì, ṣé ẹ ò lè bá mi yọ̀ ná?"

"Mo bá ẹ yọ̀. Mo bá ẹ yọ̀, ọmọ mi. Marnie ńkọ́?"

Orrin ti fún Maribeth ní fọ́ọ̀nù. Lẹ́yìn ìyẹn ni Tessa fi fídíò ayẹyẹ náà ránṣẹ́. Orrin wò ó lórí ìdúró nínú ilé ìdáná: àwọn ọmọ yí ara wọn ká láàárín pápá, kóòṣì pe orúkọ, ariwo ta. Ẹni tó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ Tessa ni Marnie. Marnie gbá a mú níbàdí, ó gbé e sókè, omi ń dà sórí àwọn méjèèjì, irun Marnie lẹ̀ mọ́ iwájú orí. Orrin pa fídíò náà. Ó ní kí Maribeth bá òun bi Tessa ibi tí Marnie máa wà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Maribeth bi Tessa, ó sì wo ọkọ rẹ̀ títí kó tó sọ èsì náà, torí ó ti mọ ohun tí ìdáhùn yẹn máa ṣe sí i. "Ó ní ó ti ríṣẹ́ ní àká àgbàdo ní Harker."

Ó fara dà á títí ẹ̀ẹ̀rùn fi wọlé, ká yìn ín fún ìyẹn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí oòrùn ń jó èèyàn lójú, ó wọ ọkọ̀ pikọ́ọ̀pù rẹ̀ láì sọ fún Maribeth, ó kọrí sí Harker. Gale wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà. Kò sí ìjókòó ẹ̀yìn nínú pikọ́ọ̀pù, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an ló jókòó sí, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀. Orrin ò yíjú sí i. Ó ń wakọ̀, ó ń làágùn, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé bí òun bá tètè dé, òun á fà á jáde.

Bó ṣe ń bọ́ sílẹ̀ níwájú àwọn àká náà ni ẹnì kan jáde láti ẹ̀yìn ọ̀kan nínú wọn, eruku àgbàdo ti sọ irun àti ojú rẹ̀ di funfun. Orrin sáré. Ọkùnrin tí orúnkún ń dùn, ó sáré. Ó di onítọ̀hún mú lápá ṣinṣin.

"Gale, jáde kúrò níbẹ̀. Mo ní kó o jáde. Jọ̀ọ́."

Ẹni náà dúró. Ó rọra sọ pé, "Bàbá Tessa, Marnie ni mí."

Orrin ò jù ú sílẹ̀.

"Èmi ni, sà. Marnie. Ibi tí wọ́n ti ń wọn ọkọ̀ àgbàdo ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mi kì í wọ inú àká. Bí ọ̀gá mi bá ní kí n wọ̀ ọ́, bàbá mi á pa á. Mo kàn lọ gbálẹ̀ ni." Ó wo ojú rẹ̀ dáadáa, ó sì mú un jókòó sórí àtẹ̀gùn onírin níbi tí òjìji wà. Ó fún un ní omi inú ìgò rẹ̀. Ó jókòó tì í.

Ó wá ní, "Tessa ti sọ ti Gale fún mi."

Orrin mi orí.

"Mo ti fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ẹ mọ̀? Mò ń padà lọ kàwé, àmọ́ mi ò gbá a mọ́. Ó dùn mí. Mo sunkún títí ojú mi fi wú. Ó ṣì ń dùn mí." Ó nu eruku ojú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́. "Ṣé mo lè bi yín ní nǹkan kan, sà? Ẹ má bínú."

"Béèrè."

"Nígbà yẹn, ká ní wọ́n ní kẹ́ ẹ fi sikọ́láṣíìpù náà sílẹ̀ fún Gale, ṣé ẹ máa fi í sílẹ̀?"

Kò sí ẹnikẹ́ni tó bi í ní ìbéèrè yìí rí. Bàbá rẹ̀ ò bi í, Maribeth ò bi í, pásítọ̀ ò bi í. Gbogbo wa la ti ń sọ fún un pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́nì kankan nínú wa tó béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀.

"Rárá," ó ní. "Mi ò ní fi í sílẹ̀. Mo fẹ́ ẹ. Inú mi dùn, Marnie. Nígbà tó gbé mi sókè yẹn, inú mi dùn débi pé mi ò rántí pé òun ló gbé mi."

Marnie mi orí bí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Ó ní, "Ohun tí Tessa sọ fún mi náà nìyẹn. Lọ́jọ́ yẹn gan-an, nínú yàrá wa, aṣọ wa ṣì tutù. Ó wò mí lójú, ó ní, 'Marnie, inú mi dùn, mi ò sì ní fi í sílẹ̀ fún ẹ.' Mo bú u. Mo ju bàtà lù ú. Àmọ́ ìdí tí mo fi ṣì ń bá a sọ̀rọ̀ nìyẹn, sà. Ká ní ó sọ fún mi pé kò tó nǹkan ni, mi ò ní fojú rí i mọ́ láyé mi."

Ó dìde torí ọkọ̀ kan ti ń fun fèrè níbi ìwọ̀n. Ó ní kó jókòó, kó sinmi, kó tó wakọ̀ lọ, ó sì sáré lọ dá wọn lóhùn. Orrin jókòó níbẹ̀ títí ara rẹ̀ fi balẹ̀ díẹ̀, ó wá padà sínú pikọ́ọ̀pù rẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn. Ó yíjú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, ó sì sọ ọ́ sókè ketekete: "Inú mi dùn, Gale. Ó tó nǹkan."

Kò sí ẹnì kankan lórí ìjókòó náà mọ́.